Àbùùbùtán

Ogójì ni wá lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ gun àtẹ̀gùn yẹn,
lókè ṣọ́ọ̀bù fọganáísà, ní Mákùn, Ṣágámù.
Ẹnì kan á kọ ìtàn ìyá rẹ̀,
ẹnì kan á kọ ìdí tí gààrí Ìjẹ̀bú fi ń kan,
àwa yòókù á dìbò fún un,
ìbò á sì di kọ́ìnì lọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́.
Lóṣù Òkúdù ọdún yẹn, kọ́ìnì kan ra ìrẹsì, ó ra ẹran,
ó tún ṣẹ́kù tí a fi mu ẹlẹ́rìndòdò.

Ṣùgbọ́n ìwọ̀n la fi ń ka ìbò, kì í ṣe orí.
Ẹni tó bá ní púpọ̀ ni ohùn rẹ̀ ń wúwo.
Ọ̀ṣínọ̀wò nìkan wúwo ju àwa mọ́kàndínlógójì lọ.
A sọ ọ́ ní Ẹja Àbùùbùtán:
a bù, a bù, a tún bù, kò tán.
Orúkọ náà dùn mọ́ ọn nínú.

Ọyẹ́ dé.
Kọ́ìnì já láàárọ̀, ó já lọ́sàn-án,
ó tún já nígbà tí a sùn.
Nígbà tó fi di Ṣẹẹrẹ, ó di owó omi inú ọ̀rá kan.
Àwa tí à ń pe ara wa ní ẹ̀gbọ́n àti àbúrò
wá ń ka ìbò ara wa bí ẹni ń ka ẹran inú ọbẹ̀.
Wọ́n ní Ọ̀ṣínọ̀wò ń tà lóru.
Wọ́n ní àna rẹ̀ nìkan ló ń dìbò fún,
àna tí kò kọ ju “Ẹ káàárọ̀ o” lọ.
Fẹ̀hìntọlá ní ká yọ ọ́.
Kí la ó fi yọ ọ́? Ìbò.
Ọwọ́ ta ni ìbò wà?

Èmi ni akọ̀wé. Mo kọ ọ́ sílẹ̀:
Ìpàdé Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Wọ́n mú iná lọ.
Kò sí pẹtiróòlù nínú jẹnẹrétọ̀.
Àwọn tó wá: mọ́kànlá.
Ṣótúndé ti ń gun ọ̀kadà ní Ìkẹ́nnẹ́.
Adéfúnkẹ́ ń sá tẹ̀lé ọkọ̀ ní ìkòríta, ó ń ta ìpékeré.
Owó ìtanràn ẹni tó pẹ́ dé: kọ́ìnì méjì.
A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.
Kọ́ìnì méjì ò ra ẹyin.

Lálẹ́, mo bá Yèyé lẹ́yìnkùlé.
Ó tú apẹ̀rẹ̀ obì sílẹ̀, ó ń pààrọ̀ ewé,
ó ń ṣa èyí tí kòkòrò ti lu.
Obì náà wálẹ̀ lọ́dún yìí;
àwọn tó ń rà á lọ sókè Ọya ò tíì dé Sábó.
“Mo gbọ́ pé owó yín ń kú. Ṣé kòkòrò máa ń lu òun náà?”
Rárá o, Yèyé. Kò ṣeé fọwọ́ kàn.
“Ṣé ó máa ń jẹrà?” Rárá.
“Àbí olè ló gbé e?” Rárá.
Ó gbé fìtílà sún mọ́ mi lójú.
“Kí ló wá ń jẹ ẹ́?”

Mi ò lésì. Mo bá a já ewé.

Ọ̀ṣínọ̀wò wá sí ìpàdé tó tẹ̀lé e.
Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó tan fóònù rẹ̀,
gíláàsì rẹ̀ ti là láti igun dé igun,
ó gbé e sáàárín tábìlì kí kálukú wò ó.
Kò ta ẹyọ kan.
Owó ilẹ̀ baba rẹ̀ ní Òde-Rẹ́mọ ló wà níbẹ̀ yẹn, odidi,
kò sì tó ra kẹ̀kẹ́ ọmọdé mọ́.
Àbùùbùtán. Ẹnikẹ́ni ò bù ú, ó sì tán.
Ní ti àna rẹ̀, ó ní òótọ́ ni:
“Ìyàwó mi ló ní kí n máa ṣe é.”
A ò mọ̀ bóyá ká rẹ́rìn-ín.

Àwa méje ló kù.
Lánàá mo kọ nípa obì, nípa ewé, nípa ọwọ́ Yèyé.
Mi ò retí ẹnikẹ́ni.
Kí oorun tó gbé mi, ìbò kan wọlé.
Mo kà á: òdo, pọ́íǹtì, òdo, òdo, òdo, mẹ́rin.
Mo wo orúkọ. Fẹ̀hìntọlá,
ẹni tó pè mí lọ́mọ ọ̀dọ̀ Àbùùbùtán lójú gbogbo ẹgbẹ́,
tí mi ò sì tíì dárí jì.

Mo ṣí tirẹ̀. Mo dìbò.
Mi ò kà á tán.